Ìwé Mẹ́ta Ti Jáde

Hull, Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí yóò bá yín. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé Ẹ̀gbọ́n Ammar wà dáadáa? Kifayah ńkọ́? Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gẹ́ tí a jọ gbìn nígbà tí mo wá. Bàbá mi ní èèyàn kì í kí ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́, n kò sì fẹ́ fi yíǹkì pa á rẹ́.

Mo ti pinnu pé Yorùbá nìkan ni n ó máa fi kọ̀wé sí yín. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yín máa ń yára, èmi a sì máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà" sí ohun tí n kò gbọ́. Nígbà kan mo ní "bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ẹ bá bú sẹ́kún. Títí di òní n kò mọ ohun tí mo gbà. Lẹ́tà ló dáa. Múyì tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Adégbayì yóò máa tẹ tèmi síta fún yín. Kí Kifayah máa kà á sí yín létí, kó máa bá yín kọ èsì, Múyì yóò sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ìròyìn ayọ̀ rèé. Mo ti ríṣẹ́! Ọ́fíìsì tí a ti ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìwé ni wọ́n fi mí sí. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ìwé, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wá. N ó bi í ní ìbéèrè díẹ̀ kí n lè mọ èyí tó yẹ ẹ́, n ó wá fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ẹ rántí pé kí n tó wọ mọ́tò lọ́jọ́ tí mò ń padà, mo ṣèlérí fún Kifayah, fún Safwan ọmọ Ààfáà, àti fún Jacob pé n kò ní gbàgbé wọn. Ó ti ṣẹ. Ìwé mẹ́ta ti jáde! Oṣù yìí gan-an ni wọ́n jáde. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ìwé wọ̀nyí yóò gbé wọn dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a máa ń kọ fún àwọn ọmọ ìhín, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ wa kò ní ọjọ́ ìpadà rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ orí wọn ránṣẹ́, àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn, kí n má baà fún ẹnì kan ní ti ẹlòmíràn.

Ọmọ yín tó ń kọ́ èdè bí ìkókó ti ń kọ́ ìrìn,
Àbíkẹ́.


Abà Lìádì, lọ́nà Olódò.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá, 2025.

Àbíkẹ́ ọmọ Mikail àbúrò mi,

Asàlámù àlékùn. Ẹ̀mí rẹ yóò gùn. Kifayah ka lẹ́tà rẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù Múyì, ó kà á lórí ọ̀kadà, ó tún kà á nígbà tí a délé. Nígbà tó dé ibi "ìwé mẹ́ta ti jáde," mo ní kó dúró, kó fi ìka hàn mí. Kéú nìkan ni mo kà, mi ò mọ ti òyìnbó, ṣùgbọ́n mo tẹjú mọ́ ọn títí ojú fi ń ro mí.

Láti ìgbà tí a ti sin bàbá wọn, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín ṣì kù lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín débi pé Ammar sáré wọlé láti ẹ̀yìn, ó rò pé ejò ni. Ọmọ tí a ní wọ́n gbé lọ tí kò ní mọlé mọ́, òun ló wá di ẹni tó ń fòǹtẹ̀ lu ìwé! Ọlọ́run tóbi.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ìyá Safwan nìkan ni mo sọ fún, àti àwọn tó jókòó tì í. Ojú ọjà Olódò la wà.

Kifayah pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ohun tó fẹ́ràn ni oorun. Kò fẹ́ kọ ọ́, èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Safwan jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, odò ló fẹ́ràn, ìwọ̀ ẹja kì í kúrò lápò rẹ̀. Jacob jẹ́ mẹ́tàdínlógún, bọ́ọ̀lù ni gbogbo ayé rẹ̀. Ìyá Jacob wá kí mi lánàá pẹ̀lú èso ọsàn kún agbọ̀n. Ọdún kẹta rèé tí òun àti èmi kò kí ara wa.

Wàyí o, sọ fún mi, má fi nǹkan kan pamọ́. Bí Kifayah bá dé ibẹ̀, kí ni yóò máa ṣe? Ọ̀dọ̀ ta ni yóò máa gbé? Ṣé ibẹ̀ le? Mo ti ra àpótí fún un.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Kifayah ló ní kí n bi ọ́, ó sì takú pé kí n bi ọ́ yékéyéké. Tíṣà wọn ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ṣé kó ṣe ìdánwò náà ni, àbí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí ti tó? Èyí tí o bá wí la ó ṣe. Ìwọ lo wà lọ́fíìsì.

Èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Ìyá Ammar.


Hull.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ayọ̀! Mo ka lẹ́tà yín fún Sharon, ọ̀gá mi. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, síbẹ̀ omi lé ròrò lójú rẹ̀. N kò mọ̀ pé inú àwọn ará abà máa ń dùn sí ìwé tó báyìí. Níbí ńṣe la máa ń bẹ àwọn ọmọ kí wọ́n tó gba ẹyọ kan.

Ẹ ní kí n má fi nǹkan kan pamọ́. Mo ti yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n ó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ti Kifayah jẹ́ ojú ewé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ọmọbìnrin náà yóò dé ìlú kan létí òkun, kò ní mọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà afọ́jú kan tó ní ilé búrẹ́dì ni yóò máa gbé. Ìyá náà roro. Aago mẹ́rin ìdájí ni ọmọ yóò máa jí po ìyẹ̀fun. Yóò sá lọ lẹ́ẹ̀kan, òjò yóò sì dá a padà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le, mo sunkún níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó má jáwọ́. Ìparí rẹ̀ dùn ju oyin lọ.

Ti Safwan bá a mu gan-an, nítorí odò. Ọmọ mẹ́fà ni yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, wọn yóò ṣìnà fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀! Gbogbo wọn ni yóò yè, àfi ẹnì kan. N kò ní sọ ẹni náà. Kí Safwan lọ bá a níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ti Jacob, bọ́ọ̀lù ni. Ẹsẹ̀ ọmọ náà yóò kán níbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀, kò sì ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n yóò di rẹfirí. Ó dára púpọ̀ fún ọmọkùnrin tó ń dàgbà.

Àpótí tí ẹ rà bọ́ sí i. Ikán àti eku kò ní dé ibẹ̀. Ti Safwan ni mo ṣì ń dúró dè, ti ọ́fíìsì ni mo yẹ̀ wò. Bó bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, n ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ pa pọ̀.

Ní ti ìdánwò: rárá o! Ta ló ní kí tíṣà dá ìdánwò sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ sọ fún un kó fi ọmọ sílẹ̀. Ìdánwò ló máa ń ba ìwé jẹ́ lójú ọmọ. Ìwé yìí ti tó. Kí Kifayah sáà gbádùn ara rẹ̀.

Ọmọ yín,
Àbíkẹ́.


Abà Lìádì.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kọkànlá, 2025.

Àbíkẹ́,

Mo kí ọ, ṣùgbọ́n ìkíni náà kò gùn. Iná kò sí ní ṣọ́ọ̀bù Múyì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ló fi pẹ́. Ká ní mo ní ìyẹ́, ǹ bá ti fò wá bá ọ.

Èwo ni ti afọ́jú? Ṣé nínú gbogbo Ìlú Ọba kò sí ẹni tó ríran tí ọmọ mi lè bá gbé? Ìwọ ńkọ́? Àbí ilé rẹ kò gba ẹ̀ní kan? O tún sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín pé ó máa sá lọ nínú òjò.

Ìyá Jacob ní kí o bá òun gba ìwé Jacob padà. Ó ní ọmọ òun kò ní fi ẹsẹ̀ san owó òkè òkun. Jacob ń bá a jà. Ó ní, "Màmi, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n pè, wọn ò pe méjèèjì." Wọ́n ti gba agbọ̀n ọsàn wọn padà lọ́wọ́ mi, agbọ̀n lásán, nítorí a ti jẹ ọsàn.

Ààfáà kò sùn mọ́. Ó ti ṣe sàráà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí o bá mọ ẹni tí kò ní yè nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí o kàn sọ bóyá Safwan ni, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun kò ní bi ọ́ ní ìdí. Ó tún ní àwọn òbí márùn-ún yòókù, ṣé wọ́n ti gbọ́?

Èmi kò gba ti Kifayah padà. Bí ìyá afọ́jú bá roro, kí ọmọ mọ iṣẹ́ kó tó débẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ló ti wà ní ilé búrẹ́dì kan ní Olódò, ó ń jí láago mẹ́rin bí o ti wí. Kò lọ iléèwé mọ́. Ìdánwò tí o ní kó má ṣe, kò ṣe é. Tíṣà wá bá mi nílé, mo fi ibi tí o ti ní kó fi ọmọ sílẹ̀ hàn án. Ìyókù lẹ́tà, mo ká a pamọ́, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ó kà á, ó sì lọ.

Ọjọ́ wo ni wọ́n máa wọ bàálù? Ta ni yóò dúró dè wọ́n? Mo bi ọ́ ní ìbéèrè, o fi ìbẹ̀rù dá mi lóhùn.

Ìyá Ammar.


Hull.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá, 2025.

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ní obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni. Mo kúnlẹ̀.

Mo ka "bàálù" lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè wò, bóyá bàálù mìíràn wà. Ni mo bá gbé lẹ́tà yín tọ bàbá mi lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ibi ìdánwò, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán. Wọ́n ní, "Àbíkẹ́, bí a bá sọ nílé pé ìwé ọmọ jáde, ìwé ìrìnnà là ń wí."

Ìwé kíkà ni, Màmá. Ìtàn àròsọ ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde fún àwọn ọ̀dọ́langba. Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, ni mo ṣe kọ ọ́fíìsì. Ìyá afọ́jú náà kò sí. Ọkọ̀ ojú omi kò sí. Ẹsẹ̀ Jacob wà lára Jacob.

Mo pè yín lórí fóònù lánàá. Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ sọ̀rọ̀, mo gbọ́ "ìwé" bí ẹ̀ẹ̀meje, lẹ́yìn náà ẹ pa á. N kò mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, Kifayah gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún Wáẹ̀kì. Èmi kò mọ̀ pé ìdánwò yẹn ni. Bí kò bá ṣe é, ọdún kan á lọ. Lónìí ni kó ti padà síléèwé, ẹ má dúró de lẹ́tà mìíràn.

Àbíkẹ́.


Abà Lìádì.
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kọkànlá, 2025.

Àbíkẹ́ ọmọ Mikail,

Mo ti gbọ́. Mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mikail ti kó ìwé náà fún àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀. Kó sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa jókòó kọ irọ́ ojú ewé ọ̀ọ́dúnrún nípa afọ́jú tí kò sí? Ìjọba wo ló máa gbà ọ́ síṣẹ́ pé kí o máa pín irọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, kí o sì máa lu òǹtẹ̀ lé e?

Kifayah kò lọ iléèwé kankan. Kí n ní kí ló padà wá ṣe níbẹ̀? Ìyá alálùbọ́sà lọ́jà ti ń pè mí ní Ìyá Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà tó bá rí ọmọ mi nínú aṣọ iléèwé, kí ni yóò máa pè mí?

Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo wa.


Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, 2025.

Àǹtí Àbíkẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kifayah ni. Màmá kò mọ̀ pé mo kọ èyí.

Mo mọ̀ láti ìgbà kìíní. Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ máa ń kọ fún àwọn ọmọ ìhín. Èmi náà ti yá ìwé rí níléèwé, kí ilé ìkàwé wa tó di yàrá ìkó-sìmẹ́ǹtì-sí. Ọ̀nà Adégbayì ni mo ti fẹ́ sọ fún Màmá, lórí ọ̀kadà, ni wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín mọ́ mi lẹ́yìn. Ẹ ò mọ bí ilé wa ti rí láti ọdún tó kọjá, mà. Mo ní n ó sọ lọ́la. Lọ́la wọ́n ti ra àpótí.

Èmi ni mo ní kí wọ́n bi yín nípa ìdánwò. Mo rò pé bí ẹ bá rí i, ẹ máa mọ̀ pé wọn ò gbọ́ yín yé, ẹ ó sì túmọ̀ rẹ̀, kì í ṣe èmi ni yóò gba ẹ̀rín lẹ́nu wọn. Ẹ wá ní kí n má ṣe é, kí n gbádùn ara mi. Àǹtí, orí mi dàrú. Mo ní bóyá èmi ni n kò mọ nǹkan tí mò ń kà. Èèyàn tó wà lókè òkun ló sọ ọ́. Mo ń po ìyẹ̀fun, mo ń rò ó: ṣé mò ń lọ ni, àbí n ò lọ?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá, ni wọ́n ń ti ìforúkọsílẹ̀. Pírínsípà ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti fi iléèwé sílẹ̀, òbí mi gbọ́dọ̀ bá mi wá fọwọ́ sí i. Màmá ò ní wá nítorí ojú ń tì wọ́n. Ẹ kàn sọ fún wọn pé ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn Wáẹ̀kì. Irọ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á wá.

Àbúrò yín,
Kifayah.


Hull.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá, 2025.

Màmá mi,

N kò ní ìwé bàálù fún ẹnikẹ́ni. N kò sì ní ṣèlérí rẹ̀ kí ẹ lè bá Kifayah lọ. Ó rọrùn láti kọ ọ́. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì fà á ya. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e yìí kì í ṣe tiyín. Ẹ fún Ààfáà, kí wọ́n kà á sókè níta mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

*Sí gbogbo ẹ̀yin àgbà Abà Lìádì, àti ẹ̀yin ìyá wa ní ọjà Olódò,*

*Mo kúnlẹ̀ kí yín. Èmi ni Àbíkẹ́ ọmọ Mikail. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò purọ́ fún yín. Ohun tí mo kọ ni wọ́n sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí tí wọ́n gbé mi kúrò lọ́dọ̀ yín, èdè yìí ni mo sì ń ṣà ní ẹyọ ẹyọ bí àgbàdo tó dànù. Mo kọ "ìwé ti jáde," n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìyẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ìwé tí wọ́n ń kà lásán ni mo yàn fún àwọn ọmọ. Ẹ bú mi. Ẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ fi mí kọrin bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi bú Ìyá Ammar, ẹni tí kò jẹ̀bi ló bú. Bí ẹ bá rí Kifayah nínú aṣọ iléèwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí i pé ó kú ẹ̀kọ́.*

Màmá, ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo ní.

Àbíkẹ́.


Abà Lìádì.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejìlá, 2025.

Àbíkẹ́ ọmọ mi,

Asàlámù àlékùn. Ààfáà kà á. Ìyá Jacob dúró lójú ọ̀nà, ó ń gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, má jẹ́ kí n tàn ọ́. Ẹ̀rín rẹ ni wọ́n rín. Ìyá alálùbọ́sà ní, "Ọmọ òyìnbó yìí fẹ́ẹ̀ pa wá!" Ààfáà fúnra rẹ̀ kò lè ka ibi ìyẹ́ yẹn dópin, ó ń rẹ́rìn-ín ìdùnnú pé ẹnikẹ́ni ò níí kú lómi. Jacob ní òun ṣì fẹ́ tòun, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíkán náà. Ti afọ́jú, bó bá dé, kí Kifayah kà á sí mi létí lẹ́yìn ìdánwò. Mo fẹ́ mọ ohun tí obìnrin yẹn rò pé òun lè fi ọmọ mi ṣe.

Inú ṣì ń bí mi sí ọ díẹ̀. Sí Mikail náà. Á lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo bá Kifayah lọ forúkọ sílẹ̀ níléèwé. A bá èrò níbẹ̀ láti àárọ̀. Wọ́n ní kó tẹ ìka mọ́ gíláàsì ẹ̀rọ kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun gan-an ni. Ẹ̀rọ kọ̀. Páànù búrẹ́dì ti jó o níka, awọ rẹ̀ ti bó, ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Wọ́n ní kó gbé òmíràn. Ìka mẹ́rin kọ̀. Ìka mẹ́sàn-án kọ̀. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní kí a bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èrò pọ̀. Mo ní, "Ó ku ọ̀kan." Ó ní, "Màmá, aago ti lọ." Mo ní, "Ìyá mi, èmi ni mo jẹ̀bi ìka yìí, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́."

Mo mú ìka ọmọńdinrín òsì rẹ̀, mo nù ún mọ́ ìró mi, mo sì fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì náà. Kifayah di ojú. Ẹ̀rọ náà dún. Obìnrin náà ní, "Ó ti gbà á."

Mi ò fi ọwọ́ náà sílẹ̀ títí a fi dé Adégbayì.

Èmi ìyá rẹ,
Ìyá Ammar.